Ibi Dúdú Inú Àwòrán

Ní àdúgbò wa ní Tanke, Bàbá Fọ́tò ni wọ́n ń pè mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá sí ilé kejì rò pé ìgbéyàwó àti ìkómọ ni mo fi ayé mi yà. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ wá bá mi pé kí n wá ya òun níbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde òun. Mo ní fọ́tò tí mo mọ̀ ọ́n yà, ẹni tí a bá yà kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í gbé e kọ́ sára ògiri. Eegun àti ọpọlọ ni mo ń yà. Ilé ìwòsàn ńlá kan níbí ní Ìlọrin ni mo ti ṣe é, láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì kún títí wọ́n fi ní kí n máa lọ sinmi. Ẹ̀yin ọmọ wá ń bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára láti kọ́. Ẹ jókòó. N kò ní polówó rẹ̀ fún yín, n kò sì ní bà á jẹ́.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Wọ́n ń wá ẹni tó yege nínú sáyẹ́ǹsì, mo yege, wọ́n rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́, mo padà dé. Owó oṣù rẹ̀ tó jẹun, kò tó ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an ni Ọ̀gá Fọlọ́runṣọ́, ọkùnrin gíga kan tó wá láti Ọ̀fà. Aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní wẹ́rẹ́ ìdọ̀tí, ojú rẹ̀ kì í sì í ní ẹ̀rín títí iṣẹ́ á fi parí. Nígbà náà, inú omi oògùn ni a ti ń fọ fíìmù. Yàrá òkùnkùn kan wà tí a ń wọ̀, iná pupa kékeré kan ló wà níbẹ̀, òórùn oògùn náà á sì tẹ̀lé èèyàn délé. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n gbé ọmọ àfi tí mo bá kọ́kọ́ wẹ̀. Ọ̀gá á dúró lẹ́yìn ẹni nínú òkùnkùn yẹn, kò ní sọ̀rọ̀. Tí o bá fẹ́ yọ fíìmù kí àsìkò tó tó, wàá kàn gbọ́ ìmí rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn rẹ, wàá sì rọra dá a padà sínú omi.

Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa ń ní kó lọ dùbúlẹ̀ sórí tábìlì ẹ́síréè, láìsí ẹní, láìsí ìrọ̀rí. Á ní, "Má mira." Lẹ́yìn náà á lọ jẹun. Nígbà tó kàn mí, mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, imú ń yún mi, òtútù irin náà wọ inú egungun mi. Ọ̀gá padà dé, ó ń fi igi ta eyín, ó ní, "Ohun tí o ó máa ní kí aláìsàn ṣe nìyẹn. Má pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni." Ẹ̀kọ́ yẹn kò sí nínú ìwé tí mo kà.

Òfin rẹ̀ kejì jẹ mọ́ ẹnu. Àwa là ń ya àwòrán, dókítà ló ń kà á. Àwọn ẹbí á dì mọ́ ẹ láṣọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí?" Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: "Dókítà á sọ fún yín." Ó lè jẹ́ pé o rí eegun tó dá sí méjì kedere, ìdáhùn kan náà ni. Ọ̀gá a máa sọ pé àìmẹ́nu, àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà náà, mo rò pé ó le jù. Nígbà tó yá, mo rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan tí wọ́n sọ ohun tí kò yé wọn fún ẹni tó ń gbọ̀n, mo sì gbà pé Ọ̀gá mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ́síréè kò rí ọpọlọ. Igbá ló rí, kò rí ohun tó wà nínú igbá. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí wọ́n bá gbé àgbàlagbà tó ń gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀ wá, agbárí rẹ̀ nìkan la máa yà, agbárí náà á sì dára. Wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, wọ́n á gbé e padà sílé. Lẹ́yìn náà ni síkáànù dé, tó ń gé àwòrán orí bí ẹni ń gé búrẹ́dì, tí a sì lè wo ègé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì, ó wá kí wa, mo mú un wọlé lọ wò ó. Ó yí ẹ̀rọ náà ká, ó ní, "Níbo ni omi oògùn rẹ̀ wà?" Mo ní kò ní omi. Ó ní, "Kí wá lẹ ó máa fọ̀?" Ó jókòó díẹ̀, ó sì lọ.

Ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì ló dé gbẹ̀yìn, èyí tí ẹ ń pè ní Èmáráì. Òun ló jẹ́ kí n mọ ọpọlọ bí mo ṣe mọ ilé mi. Dókítà tó ń ka àwòrán rẹ̀ ni Dókítà Àmínà. Mo lè bí i lọ́mọ, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá mi, ó sì mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Òun ló la àwọn àrùn tó ń jẹ́ kí àgbàlagbà máa gbàgbé, àti èyí tó ń jẹ́ kí ọwọ́ máa gbọ̀n, yé mi. Ó ní púpọ̀ nínú wọn jẹ mọ́ purotéènì. Mo ní, "Ti ẹ̀wà àti ẹyin?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá o, èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe sínú ọpọlọ ni. Ó ní ọ̀nà kan wà tó yẹ kó gbà ká. Tó bá ká sódì, á máa lẹ̀ mọ́ra, á máa gbá jọ, títí ẹran ọpọlọ tó yí i ká á fi kú. Ó nawọ́ sí gọ́tà ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wa tí ọ̀rá omi ti dí. Ó ní, "Alájì, ẹ wo gọ́tà yẹn. Kò sẹ́ni tó bínú wá dí i. Díẹ̀díẹ̀ ni."

Ẹ̀rọ tiwa kò rí ìdọ̀tí náà. Ilé tí ìdọ̀tí ti wó ló ń rí, ìyẹn ọpọlọ tó ti súnkì. Wọ́n ní ẹ̀rọ wà lókè òkun tó ń rí purotéènì náà gan-an: wọ́n á fa oògùn kan sí èèyàn lára, oògùn náà á lọ lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa tàn. Mo rí àwòrán rẹ̀ níbi ìpàdé kan, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa kí n tó fẹ̀yìn tì. Lónìí, orí fóònù ni àwọn tó rọ́pò mi ti ń wo àwòrán, wọ́n sì ní kọ̀ǹpútà ti ń bá dókítà kà á. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èyí tí kọ̀ǹpútà kò lè bá wọn ṣe ni mo fẹ́ sọ fún yín báyìí.

Ní ọdún díẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀, obìnrin kan mú ọkọ rẹ̀ wá. Lèmámù ràtíbì, ìyẹn ẹni tó ń kirun ojoojúmọ́ síwájú èèyàn, ni ọkọ náà ní àdúgbò kan nínú Ìlọrin àtijọ́. Ó ní ilé kéwú, ọ̀pọ̀ àgbà àdúgbò náà ló sì ti kọ wàláà, pátákó ìkọ́wèé kéwú, lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá Alfa ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ìyálé ilé ti kú, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni Bàbá fẹ́ obìnrin yìí, ọmọ àgbẹ̀ láti abúlé kan lọ́nà Malete. Àwọn ọmọ tó bá nílé, tí àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ń pè é ní Ìyá Kékeré.

Ó ní, "Alájì, ẹ bá mi wo orí Bàbá. Wọ́n á ṣe àlùwàlá tán, wọ́n á tún bu omi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀fà Garage la ti lọ mú wọn. Wọ́n ní àwọn ń wá ọkọ̀ tó máa gbé àwọn lọ sọ́dọ̀ alfa tó kọ́ àwọn ní kéwú. Alfa yẹn ti kú kí wọ́n tó bí mi."

Mo ní, "Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ní mo ń bú bàbá àwọn. Wọ́n ní ẹni tó ń kirun síwájú èèyàn tí kò ṣi ẹsẹ kan, ṣé irú wọn ló ń ṣarán? Èmi ni mo fi tipátipá mú wọn wá síbí."

Ẹ̀rọ náà kì í gba irin. A bọ́ òrùka Bàbá, a bọ́ aago, a bọ́ tírà kan tí wọ́n fi awọ rán. Mo bi í bóyá irin wà nínú tírà náà, ó ní òun kò rántí ẹni tó ṣe é. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹni ń fi òòlù lu páànù, Bàbá fẹ́ dìde. Ìyá Kékeré jókòó sí ìdí tábìlì, ó di ẹsẹ̀ Bàbá mú, ara Bàbá sì balẹ̀. Àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké Fàtíhà, orí ń mì, àwòrán ń bàjẹ́. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sínú." Ó kà á sínú. Àwòrán náà jáde, ó mọ́lẹ̀ kedere.

Bí a ṣe ń ṣe nígbà náà, aláìsàn ló ń gbé fíìmù rẹ̀ lọ sílé nínú àpòòwé ńlá, tí á sì gbé e padà wá lọ́jọ́ tó bá fẹ́ rí dókítà. Kí ọjọ́ Bàbá tó pé, àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀. Fíìmù wà nílé, ẹni tó máa kà á kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Agbo ilé tí èèyàn kún inú rẹ̀ kò sì lè ní irú àpòòwé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má ṣí i.

Àbúrò Bàbá lóbìnrin, Ìyá Ànáfí, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń di ìdájọ́ nínú ilé náà, ló gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Ó rí orí èèyàn, ó rí ibi dúdú gbàràmù láàárín rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá wò ó. Wọ́n ti jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ àárín, wọ́n fi èèpo sílẹ̀." Fíìmù náà ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, gbogbo wọn rí ibi dúdú. Ta ló wá jẹ ẹ́? Ìyá Ànáfí ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ta ló kọ́kọ́ sọ pé orí Bàbá kò pé? Báwo ló ṣe mọ̀?" Wọ́n sọ ọ́ ní gbangba ojúlé, níwájú aládùúgbò, wọ́n kó ẹrù obìnrin náà síta, wọ́n sì lé e padà sí abúlé bàbá rẹ̀. Ìsìáká, àkọ́bí Bàbá, wà níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ìyá Kékeré wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Kò sunkún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Alájì, ẹ̀yin lẹ ya àwòrán náà. Wọ́n ní ó wà níbẹ̀ pé mo jẹ orí ọkọ mi. Ṣé ó wà níbẹ̀?"

Inú bí mi, n kì í sì í tètè bínú. Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá kọ́ mi ti dé ẹnu mi pé dókítà á sọ fún un, àmọ́ kò sí dókítà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kó jókòó, mo pe Dókítà Àmínà lórí fóònù nílé rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ṣé fíìmù orí tiyín ṣì wà, Alájì?" Ó wà. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ tì bọ inú rẹ̀ láti fi dán an wò. Ó ní, "Ẹ mú un dání. Ẹ jẹ́ ká lọ kí wọn."

Lẹ́yìn ìrun àlàásàrì la débẹ̀. Wọ́n fún wa níjòókòó, wọ́n fún wa lómi. Bàbá wà lórí àga rẹ̀ nínú àgbàlá, ó ń ka tẹ̀sùbáà, ó sì kí mi bí ẹni tó mọ̀ mí. Dókítà Àmínà kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní kí wọ́n gbé fíìmù Bàbá sójú fèrèsé, kí èmi náà gbé tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n wò ó. Ibi dúdú wà láàárín tèmi náà, ó kàn kéré sí ti Bàbá.

Ìyá Ànáfí ní, "Orí ta rèé?"

Mo ní, "Tèmi ni, Ìyá. Tó bá jẹ́ jíjẹ ni, ẹ bá mi wá ẹni tó jẹ ẹ́. Ìyàwó mi wà ní Tanke, ẹ lọ mú un."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Dókítà wá ṣàlàyé pé omi ni dúdú náà, pé Ọlọ́hun ló fi omi sáàárín orí gbogbo èèyàn. Tí ẹran ọpọlọ bá ń kú, àyè omi á máa fẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí ìrántí ń gbé, bó ṣe súnkì lórí ti Bàbá, ó sì sọ ti purotéènì tó ń ká sódì.

Ìyá Ànáfí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní, "Dókítà, fi purotéènì náà hàn mí nínú àwòrán yìí."

"Kò hàn níbẹ̀, Ìyá. Ẹ̀rọ wa kò lè rí i."

"Ìwọ ní ohun tí o kò lè fi hàn ló ṣe é. Èmi náà ní ohun tí n kò lè fi hàn ló ṣe é. Kí ló fi tìẹ ju tèmi lọ?"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Dókítà yíjú sí Ìyá Ànáfí. Ó ní, "Àwọn tó ṣíwájú wa ti rí i nínú ọpọlọ àwọn tó ti kú. Àrùn yìí ń ṣe ọlọ́rọ̀, ó ń ṣe tálákà. Ó ń ṣe bàbá tí kò ní ìyàwó kankan nílé. Ó máa ń pẹ́ lára kí ojú tó rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀ lára Bàbá?"

Ìyá Ànáfí ní, "Ìgbà tí obìnrin yẹn wọlé yìí ni."

Ìsìáká ló wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Rárá, Ìyá." Gbogbo ojú yí sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń kirun mọ̀ pé tí lèmámù bá gbàgbé ẹsẹ lórí ìrun, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní í ké e fún un. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ìsìáká ló máa ń dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ó ní, "Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, kò sí ìrun kan tí n kò ní fún wọn ní ẹsẹ. Mo ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ kí àwọn tó wà ní ìlà sáfù tó kù má baà gbọ́. Ìyá mi wà láyé nígbà náà. Mo sọ fún un, òun ló ní kí n bo bàbá mi láṣìírí. Wàláhì, Ìyá Kékeré kò tíì mọ ọ̀nà ilé wa."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n Ìsìáká ló gbé Bàbá dúró síwájú èèyàn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí ilé má mọ̀ pé Bàbá ń ṣàìsàn. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ síta ni wọ́n lé. Ìyá Ànáfí gbé fíìmù náà kalẹ̀. Ó ní, "Sùbúhánàllàhì."

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní kí n bá wọn lọ bẹ Ìyá Kékeré ní abúlé. Bàbá Ìyá Kékeré ń to iṣu sí abà, kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ẹ gbé e wá fún mi bí àjẹ́. Kí lẹ wá mú báyìí?" Ìyá Ànáfí kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ náà. N kò rò pé yóò kúnlẹ̀. Ìyá Kékeré jáde sí wa, ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ ni kí wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Wọ́n gbà.

Nítorí náà, nígbà tí a padà dé, àwọn aládùúgbò ti pé sí ojúlé. Ìyá Ànáfí sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé òun parọ́ mọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, Ìsìáká sì sọ ohun tó ti dákẹ́ lé lórí. Ìyá Kékeré gbọ́ ọ tán. Ó wọ inú àgbàlá lọ, ẹrù wà lórí rẹ̀, báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Alfa gbójú sókè láti orí tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó wò ó tìtì.

Ó ní, "Ìsìáká, obìnrin wo rèé?"

Ìsìáká ní, "Ìyàwó yín ni, Bàbá."

"Ìyàwó mi?" Bàbá tún wo ẹrù náà, ó wo báàgì, ó wá yíjú sí gbogbo wa. "Tó bá jẹ́ ìyàwó mi ni, níbo ló ti ń kó ẹrù bọ̀?"

Gbogbo àwa tí ọpọlọ wa pé ló dúró yí i ká.